Níti Ẹyẹ Kékeré Tí Ó Ń Lúwẹ̀ẹ́ Láàrin Agbami, àti Bí A Ti Í Mọ̀ Ọ́n



Ìbéèrè kan wà tí àwọn tí ń rin ìrìn àjò lórí òkun ti ń béèrè láti ìgbà pípẹ́ wá, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò. Ẹnì kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ilẹ̀ ti pòórá lẹ́yìn rẹ̀ láti àná, kò sì rí ohun kan mọ́ bí kò ṣe omi àti òfurufú. Lójijì ó rí àwọn ẹyẹ kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó ẹyẹlé, tí wọ́n jókòó lórí ìgbì bí pẹ́pẹ́yẹ ti í jókòó lórí adágún. Ọrùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́, àgógó ẹnu wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo ìrísí wọn jọ ti àwọn ẹyẹ etí omi tí ń fi ẹsẹ̀ gígùn rìn nínú ẹrẹ̀ ọ̀sà láti wá kòkòrò jẹ. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, Kí ni ẹyẹ etí omi ń wá níbi tí omi kò ní etí? Kí ó tó rí ìdáhùn, ọkọ̀ ti kọjá, àwọn ẹyẹ náà sì ti di ẹyọ àmì dúdú lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ìbéèrè yìí le ni pé òkun kì í fún ni ní ààyè àtúnwò. Ẹyẹ tí a rí lóko, a lè padà lọ wò ó lọ́la lórí igi kan náà; ṣùgbọ́n ti ojú òkun, ìṣẹ́jú kan péré ni tiwa. Nítorí náà ó yẹ kí a ti mọ ohun tí a ó wò kí ìṣẹ́jú náà tó dé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wò kì í ṣe àwọ̀ ẹyẹ náà, bí kò ṣe ohun tí ó ń ṣe. Ǹjẹ́ ó ń fò kọjá ni, tàbí ó jókòó sórí omi? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹ etí omi ni ń la òkun kọjá lọ́dọọdún. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ń rí ní etí ọ̀sà Èkó nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ òtútù ìhà àríwá ni wọ́n ti wá. Agbára tí wọ́n ní láti fò sì ju èyí tí ènìyàn lè rò lọ. Ní ọdún 2022, ọ̀dọ́ ẹyẹ kan nínú irú èyí tí Òyìnbó ń pè ní godwit, tí a ti so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ lára, gbéra ní Alaska, kò sì balẹ̀ títí ó fi dé erékùsù Tasmania ní gúúsù Ọsirélíà. Ó rin ìrìn kìlómítà 13,560 láàrin ọjọ́ 11. Kò jẹun lọ́nà, nítorí pé irú rẹ̀ kì í sinmi lórí ìgbì, kì í sì í rí oúnjẹ níbẹ̀. Bí ó bá wá ṣe pé fífò ni ẹyẹ tí a rí ń fò, tí ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ èyíkéyìí nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú, kí a má sì ṣe fi ìwàǹwára fún un ní orúkọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó sórí omi, tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ó ń ṣa nǹkan jẹ ní ọ̀tún àti ní òsì, nígbà náà a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ilé tí ó ti jáde wá. Ìdílé kékeré kan ni, ẹ̀yà mẹ́ta péré ni ó wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ayé, a sì ń pè wọ́n ní fálárópù.

Ẹyẹ méjì ni ó lè dà wá lọ́kàn rú níhìn-ín. Èkíní ni pẹ́tírẹ́lì, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní òkun wa yìí. Òun pẹ̀lú kéré, ó sì ń gbé láàrin agbami. Ṣùgbọ́n pẹ́tírẹ́lì dúdú bí èéfín ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ní àbàwọ́n funfun lókè ìrù, kì í sì í pẹ́ kí ó tó tún gbéra lójú omi; ṣe ni ó ń rá bàbà lókè omi, tí ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ojú omi bí ẹni tí ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn atukọ̀ àtijọ́ a máa sọ pé láti ara Pétérù Àpọ́sítélì ni a ti mú orúkọ náà. Èkejì ni ẹyẹ funfun kékeré tí ń sáré lé ìgbì bí ìgbì ti ń padà sẹ́yìn, tí ó sì ń sá fún un bí ó ti ń bọ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti dúró ní etí òkun Èkó ti rí i. Bí ó bá na apá láti fò, ilà funfun kan a yọ ní apá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti fálárópù. Ṣùgbọ́n kì í fi agbami ṣe ilé, kò sì ní àmì dúdú tí fálárópù ní lójú nígbà tí kò bá sí ní àkókò ìbímọ, èyí tí ó gba inú ẹyinjú kọjá lọ sẹ́yìn bí ẹni pé a fi tìróò fà á.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ̀ fálárópù díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ wà. Pẹ́pẹ́yẹ ní awọ tí ó so ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ẹyẹ etí omi ní ọmọ ìka lásán. Ti fálárópù kò rí bí ti èyí, kò sì rí bí ti ọ̀hún: awẹ́ awọ pẹlẹbẹ ni ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, tí ó ń ṣí nígbà tí ẹyẹ náà bá ti omi sẹ́yìn, tí ó sì ń ká nígbà tí ó bá fa ẹsẹ̀ bọ̀ síwájú. Ẹyẹ adágún kan wà ní Yúróòpù tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀; láti inú èdè Gíríìkì ni a sì ti mú orúkọ fálárópù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ ti ẹyẹ adágún náà. Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, ti kọ orúkọ méjì nínú mẹ́ta wọn sílẹ̀ láti ọdún 1758. Ìyẹ́ àyà àti ti ikùn wọn pọ̀, ó sì ki bí ti pẹ́pẹ́yẹ, afẹ́fẹ́ a sì sé mọ́ inú rẹ̀, nítorí èyí ni wọ́n fi ń léfòó bí igbá. Bí ìgbì bá ga, wọn a gùn ún; bí ó bá wó, wọn a fò díẹ̀ kọjá orí rẹ̀, wọn a sì tún jókòó.

Bí ẹ bá wá rí i tí ó ń pòòyì lójú kan, ẹ má wulẹ̀ wá ẹ̀rí mìíràn mọ́. Ṣe ni ó ń yí bí òkòtó tí ọmọdé ta sílẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀kan láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, àgógó ẹnu rẹ̀ a sì máa ṣá omi ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé ẹyẹ náà ń kú lọ. Ní ọdún 1996 ni àwọn onímọ̀ kan tẹ àlàyé rẹ̀ jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ọ̀ràn náà wò fínnífínní. Bí ẹsẹ̀ ẹyẹ náà ti ń ti omi òkè sí ẹ̀gbẹ́, omi ìsàlẹ̀ ni ó ń ru sókè wá dí àyè rẹ̀, ó sì ń gbé àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú kò lè tètè rí wá síwájú ẹnu rẹ̀. Ó gbẹ́ kànga tirẹ̀ ní àárín òkun! Ó ṣà wọ́n pẹ̀lú ìkán omi kan. Ìkán omi náà kò sì nílò pé kí ó fà á mu, nítorí bí ó ti ń la àgógó tí ó sì ń pa á dé lọ́nà kíkúrú, omi náà ń gun àgógó lọ sókè sí ọ̀nà ọ̀fun. Èyí ni ó mú kí tẹ́ẹ́rẹ́ àgógó náà ṣe pàtàkì fún un.

Nísinsìnyí ọ̀ràn wá dé ibi tí ó nira. A ti mọ ìdílé, ṣùgbọ́n ta ni nínú ìdílé náà? Ẹ̀yà kẹta kì í yọ wá lẹ́nu púpọ̀: adágún oníyọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó fẹ́ràn, kì í ṣe agbami, kò sì ní ilà funfun ní apá. Àwọn méjì tí ó kù ni ọmọ òkun. Èmi yóò pe ọ̀kan ní eléérú, èmi yóò sì pe èkejì ní ọlọ́rùn pupa, ẹ ó sì rí i láìpẹ́ pé orúkọ méjèèjì lè tan ènìyàn jẹ. Eléérú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àwọ̀ eérú sọ lórúkọ, òun gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi àwọ̀ pupa sọ. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ẹyẹ náà pupa bí ilẹ̀ amọ̀ ní oṣù kẹfà nígbà tí ó bá wà níbi ìtẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ yìnyín, ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù bá dé, yóò bọ́ aṣọ náà sílẹ̀, yóò sì wọ eérú àti funfun. Ọlọ́rùn pupa pẹ̀lú a máa pàdánù ọrùn pupa rẹ̀. Àwọ̀ eérú àti funfun yìí sì ni méjèèjì wọ̀ fún ìyókù ọdún lójú òkun. Nítorí náà ni mo ṣe wí pé kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọ̀.

Ẹ wo àgógó ẹnu. Ti ọlọ́rùn pupa dúdú látòkè délẹ̀, ó sì rí bí abẹ́rẹ́. Ti eléérú nípọn jù bẹ́ẹ̀, ó gbòòrò, ó sì máa ń ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ẹ wo ẹ̀yìn ẹyẹ náà. Ẹ̀yìn eléérú mọ́ lọ́nà kan ṣoṣo bí eérú tí a kù, kò sí ilà kan níbẹ̀. Ti ọlọ́rùn pupa ṣú díẹ̀, ilà funfun sì wà nínú rẹ̀ bí ẹni pé a fi ẹfun fà á. Níti ìtóbi, eléérú gùn tó sẹ̀ǹtímítà 21, ọlọ́rùn pupa tó 18, ṣùgbọ́n èmi kò gbẹ́kẹ̀ lé ìtóbi rárá àyàfi bí méjèèjì bá jókòó pọ̀. Lórí òkun tí kò sí igi tàbí ilé tí a lè fi díwọ̀n, ojú ènìyàn a máa sọ ẹyẹ di ńlá nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Ẹni tí ó bá ní awò tí ń fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ ojú, kí ó kọ́kọ́ gbé e sí àgógó ẹyẹ náà, kí ó fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Ẹyọ̀ ọ̀rọ̀ kan tún kù níti àwọ̀. Bí ẹ bá rí wọn nígbà tí wọ́n bá wà nínú aṣọ pupa, èyí tí ó mọ́lẹ̀ jù, tí ó sì tóbi jù, ẹ má ṣe pè é ní akọ. Abo ni. Láàrin ìdílé yìí, abo ni ń wá ọkọ, abo ni ń bá abo jà nítorí ọkọ. Nígbà tí ó bá yé ẹyin rẹ̀ tán, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin, akọ ni ó ń sàba lé wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó sì ń tọ́jú ọmọ. Abo ti gba ọ̀nà òkun lọ kí ọmọ tó lè fò.

A lè béèrè pé, Ǹjẹ́ ibi tí a ti rí ẹyẹ náà kò tó láti sọ orúkọ rẹ̀? Ó ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ní òde etí òkun Mọriténíà àti Sẹ̀nẹ̀gà, afẹ́fẹ́ ń ti omi òkè kúrò létí ilẹ̀, omi tútù sì ń ru láti ìsàlẹ̀ wá, ó kún fún ohun jíjẹ. Bákan náà ni ó rí ní òde Nàmíbíà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún eléérú ti ń lo ìgbà òtútù. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa wọ ọkọ̀ Aureol, èyí tí ó gbé èrò láàrin Èkó àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1951 títí di 1974, wọ́n sì gba ibẹ̀ kọjá; ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọjá lára agbo ẹyẹ wọ̀nyí nígbà tí wọ́n wà nídìí oúnjẹ òwúrọ̀. Ọlọ́rùn pupa ní tirẹ̀, òkun Arébíà, òkun Pérù àti òkun àwọn erékùsù Indonéṣíà ni ó ń lọ jù. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ pé ọlọ́rùn pupa ni òun rí lọ́nà Dakar, ẹ̀rí àgógó àti ẹ̀yìn ni kí ó mú wá.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ibi nìkan dá ẹjọ́. Díẹ̀ nínú àwọn ọlọ́rùn pupa ń bímọ ní erékùsù Fetlar, ní Shetland, ní àríwá Skọ́tíláǹdì. Gbogbo ènìyàn rò pé àwọn wọ̀nyí ń bá àwọn ìbátan wọn láti ìhà Norway àti Sweden lọ sí òkun Arébíà, ó sì bá ọgbọ́n mu láti rò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2012 a so ẹ̀rọ fífúyẹ́ mọ́ mẹ́wàá nínú wọn lára. Ọ̀kan ni a tún rí mú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí a ka ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sílẹ̀, a rí i pé ẹyẹ náà kò yà sí Arébíà rárá. Ó la Àtìláńtíìkì kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá etí òkun Amẹ́ríkà, ó gba òkun Karíbíà àti Mẹ́síkò, ó sì lo ìgbà òtútù lójú òkun Pàsífíìkì láàrin Ecuador àti Pérù, kí ó tó padà sí Fetlar. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 25,000, ẹyẹ tí kò wúwo ju gíráàmù 40 lọ!

Ẹnì kan lè wí pé, Kí ni ó kàn wá bí ó bá jẹ́ eléérú tàbí ọlọ́rùn pupa? Èmi yóò fi ọ̀ràn ẹnu òkun Fundy dáhùn, láàrin Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1970, ọlọ́rùn pupa ju mílíọ̀nù kan lọ ni ó ń péjọ sí apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ lọ́dọọdún láti jẹun kí wọ́n tó sọdá òkun. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi ń parí, ibẹ̀ ti ṣófo. Àwọn kòkòrò omi tí wọ́n ń jẹ ti dínkù lójú omi níbẹ̀. Ní ìhà kejì ẹnu òkun kan náà, lẹ́bàá erékùsù Brier, agbo ẹ̀yà méjèèjì ṣì ń wá. Ká ní àwọn tí ń wo ẹyẹ níbẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé “ẹyẹ kéékèèké lójú omi” ni, ìbá ṣòro láti mọ ẹni tí ó lọ àti ẹni tí ó kù. Nítorí pé wọ́n ti wo àgógó, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń wá.

Fún òkun tiwa, àwọn tí ó ń kọ nǹkan sílẹ̀ kò pọ̀. Síbẹ̀ àwọn tí ó lè ríran pọ̀: àwọn apẹja, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, àti àwọn tí ń wa epo ní àárín omi. Ibi tí omi méjì bá pàdé, tí ìfófó àti koríko òkun tò bí okùn, ibẹ̀ ni kí wọ́n wò. Nínú okùn ìfófó yìí ni oúnjẹ fálárópù ń kó jọ sí. Ó bani nínú jẹ́ pé níbẹ̀ náà ni epo tí ó dà sílẹ̀ àti èérún ike ń kó jọ sí. A sì ti bá èérún ike nínú ikùn wọn nígbà tí a la òkú wọn. Kí ẹni tí ó bá rí wọn kọ ọjọ́ náà, wákàtí, ibi tí ọkọ̀ wà, iye wọn, bí àgógó ti rí àti bí ẹ̀yìn ti rí. Bí kò bá rí àgógó dáadáa, kí ó kọ ọ́ pé fálárópù ni, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò ju èyí tí a fi àbá parí lọ. Bí ẹja àbùùbùtán bá sì wà nítòsí, kí ó kọ ìyẹn pẹ̀lú, nítorí pé ní òkun àríwá eléérú a máa tẹ̀lé ẹja ńlá wọ̀nyí láti ṣa ohun tí wọ́n bá rú sókè, àwọn apẹja àbùùbùtán ayé àtijọ́ sì ti fi èyí sọ wọ́n ní ẹyẹ àbùùbùtán.

Nígbà mìíràn ẹyẹ náà ni yóò tọ̀ wá wá. Ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ a máa fa ẹyẹ mọ́ra lóru, pàápàá nígbà tí ìkùukùu bá bo òṣùpá, a ó sì bá a ní òwúrọ̀ tí ó jókòó sí igun ọkọ̀, tí ojú rẹ̀ ṣú. Ìgbà yìí ni ìdámọ̀ di ọ̀ràn ìyè fún ẹyẹ náà. Ẹ gbé e pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí awẹ́ awọ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, tí ìyẹ́ rẹ̀ gbẹ, tí kò sì fara pa, òkun ni ilé rẹ̀, ẹ sì lè gbé e sórí omi ní ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò ti le. Bí ọmọ ìka rẹ̀ bá jẹ́ lásán, ẹyẹ ilẹ̀ ni, ẹ má ṣe jù ú sómi. Ẹ fi í sínú àpótí tí ó ní ihò, kí ẹ gbé e sí ibi òkùnkùn tí ó dákẹ́, kí ẹ sì dá a sílẹ̀ ní ọ̀sán nígbà tí ilẹ̀ bá hàn.